Pupa Ni Kí Ẹ Fi Pa Á

Ilẹ̀kùn gáréèjì wálẹ̀ lé mọ́tò Bàbá lórí nígbà tí Bàbá ṣì wà nínú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sì sọ fún un pé kó pa á.

Apòògùn ni àdúgbò ń pe ọmọ náà, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe ní ilé ìwòsàn. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ìgò oògùn ikọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí fóònù rẹ̀ gbọ̀n lórí káúńtà. Fóònù ní ẹnì kan ti ṣí gáréèjì. Kò nílò kí fóònù sọ ẹni náà fún un. Nítorí ẹni náà ló ṣe ní kí wọ́n so ilẹ̀kùn mọ́ áláàmù ilé.

Awakọ̀ ni Bàbá títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́ Apòògùn ní mọ́tò wíwà, nínú mọ́tò tó wà nínú gáréèjì yìí gan-an. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ọ̀tún ti ń ṣú. Láìpẹ́ yìí ló fi ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ha ògiri Ìyá Olódòdó, obìnrin tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn. Ó ní ògiri ló sún mọ́ òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Apòògùn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sùn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ó lè má jẹ́ ògiri. Ó lè jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ó yẹ kó jókòó ti baba rẹ̀ kó sọ fún un. Kò sọ. Oníwáyà ló pè, ó sì wí fún Bàbá pé nítorí olè ni.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni oníwáyà náà, eyín ló fi ń di wáyà mú bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó gun àkàbà, ó lẹ nǹkan funfun kékeré kan mọ́ etí ilẹ̀kùn, ó lẹ ìkejì rẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ní bí ilẹ̀kùn bá ṣí nígbà tí áláàmù bá wà ní títàn, tí àwọn méjèèjì yìí sì jìnnà síra, ariwo ló kù.

Bàbá jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó ń fi àkísà nu dígí. "Olè wo là ń dè gan-an?"

"Bàbá, olè kì í ránṣẹ́ síwájú kó tó dé."

"Kò sí ohun tó lè jí níbí ju mọ́tò mi lọ. Olè tó bá sì gbé e, á dá a padà kó tó dé kọ́nà."

Oníwáyà rẹ́rìn-ín, wáyà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó kọjú sí Apòògùn. "Ilẹ̀kùn yìí máa ń padà sókè fúnra rẹ̀ bó bá kan nǹkan. Ṣé kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ náà nígbà tí áláàmù bá ń dún?"

"Kí olè kàn wá fi igi há a nísàlẹ̀? Rárá. Tó bá ti ń dún, tó sì wálẹ̀, kó má gòkè mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àfi láti orí fóònù mi."

"Ẹnikẹ́ni?"

"Ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀yin lẹ nilé," oníwáyà wí, ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló gbé rìmóòtù kékeré lé Bàbá lọ́wọ́. Bọ́tìnnì méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan láwọ̀ ewé, ọ̀kan pupa. "Bàbá, ewé ni kí ẹ fi ṣí i, pupa ni kí ẹ fi pa á."

"Ewé ṣí i, pupa pa á," Bàbá tún un sọ bí ọmọ iléèwé. "Ó ti wọlé." Ó wá tẹrí ba fún ọmọ rẹ̀. "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọ̀gá mi."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Bàbá, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín."

"Ẹni tí ilẹ̀kùn ń gbọ́ tirẹ̀ lọ̀gá. Ó dáa, ìwọ yìí, lọ bu omi wá fún mi mu."

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún Bàbá ni pé bí Apòògùn bá ti dé ẹnu iṣẹ́, á tan áláàmù gáréèjì láti orí fóònù.

Nígbà tí fóònù gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn, ó gbé ìgò sílẹ̀, ó pe Bàbá. Bàbá gbé e. Ariwo áláàmù fẹ́rẹ̀ẹ́ di í létí.

"Bàbá, ibo lẹ wà?"

"Inú mọ́tò. Nǹkan rẹ yìí ń ké."

"Ṣé ẹ ti jáde ni?"

"Imú mọ́tò ti jáde. Ìdí rẹ̀ ló ṣì wà nílé."

Ó gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kùn lábẹ́ ariwo. "Ẹ pa á," ó ní.

"Kí ni?"

"Mo ní ẹ pa á, Bàbá. Ẹ pa á."

Ẹ́ńjìnnì ló ń wí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ni wọ́n kọ́ Bàbá bó ṣe máa pa, ilẹ̀kùn ló sì ń ké. Ó wo rìmóòtù tó wà lórí itan rẹ̀, ó tẹ pupa.

Apòògùn gbọ́ gbì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọ́ ohùn Bàbá mọ́. Ó rò pé mọ́tò ló kọlu òpó, ó sáré lọ sílé.

Nígbà tó délé, ilẹ̀kùn ṣì wà lórí mọ́tò. Òrùlé mọ́tò ti tẹ̀ wọnú bí ìkòkò tí ẹnì kan jókòó lé. Òpó gáréèjì sún mọ́ mọ́tò lọ́tùn-ún lósì, ilẹ̀kùn mọ́tò kò lè ṣí. Bàbá jókòó sínú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdarí mọ́tò mú. Kò fara pa. Àwọn tó ń kọjá ti dúró. Ọ̀kan nínú wọn ń bi èkejì pé ilé ta ni ọkùnrin náà fẹ́ fọ́.

Ìyá Olódòdó dúró níwájú wọn, kẹ́tù tó fi ń bomi rin òdòdó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo ti sọ fún wọn pé ilé rẹ̀ ni. Mo ní kó gba ojú fèrèsé jáde. Ó ní òun kì í ṣe olè."

Apòògùn tẹ fóònù. Ariwo dákẹ́, ilẹ̀kùn gòkè. Bàbá fi mọ́tò rìn sẹ́yìn wọlé, tààrà, kò kan òpó kankan. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Ṣé èyí ni?" ó béèrè.

"Òun ni, Bàbá."

"Ó yẹ kó o dárúkọ rẹ̀."

Apòògùn wo fóònù. Ó fi í sápò. "Kì í ṣe nítorí olè ni mo ṣe so ó."

"Mo mọ̀. Mo jókòó sábẹ́ rẹ̀ pẹ́ tó láti mọ olè tí wọ́n fẹ́ mú." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. "Ẹ gbà."

Apòògùn rò pé ẹ̀yin àwàdà ọjọ́sí ni. Ó gba kọ́kọ́rọ́.

Oníwáyà padà wá, ó tú gbogbo rẹ̀ kúrò. Ilẹ̀kùn ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bàbá kò wa mọ́tò mọ́, ọkàn ọmọ rẹ̀ sì balẹ̀ nípa ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́jọ́ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́, ó ń gbé Bàbá lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó jáde, kí wọ́n lè jọ ta díráfù. Bàbá kì í bínú. Ó ń jẹun dáadáa. Bó bá fẹ́ jáde, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ̀. "Bó bá rọ̀ yín lọ́rùn lónìí, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá Olódòdó gbọ́ ọ lójú fèrèsé. "Ṣé ẹ̀ ń bá ọmọ yín jà ni?"

"Ìjà kẹ̀? Mo ń bọ̀wọ̀ fún onílé ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Apòògùn bá a lórí àpótí nínú gáréèjì, ó ń fi àkísà nu dígí mọ́tò tí kò lọ sí ibì kankan. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lórí itan. Bàbá mú un, ó sì fi í padà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Apòògùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà.

"Bàbá, ẹ pè mí ní ìwọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Bàbá wò ó, ojú rẹ̀ kò le rárá.

"Ẹ dìde," ó ní. "Ilẹ̀ yẹn tutù."