Ọwọ́ Ọ̀tún Wuryanti

"Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ti…"

"Ọwọ́ ta ni?"

"Ta ni ìbá tún jẹ́? Wuryanti oníbọn. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn, èyí tó ti kú láti ìgbà tó ti jábọ́ lórí ọ̀kadà…"

"Irọ́ ni!"

"Mbah Sakinem, ìyá àgbà yẹn, fojú ara wọn rí i o. Níbi ìgbéyàwó ilé Darmo. Wọ́n ní ó fi gbé tíì fún wọn, wọ́n sì gbà á, ni wọ́n bá…"

"Háà! Gbogbo góòlù tó ti gbà yẹn wá ńkọ́?"

Ìdí kànga ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí oòrùn tó mú, ó ti dé ọjà. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti wọ bọ́ọ̀sì dé ìlú Solo, ó sì ti wọ ọgbà tí àwọn eléré-ìdárayá tó jẹ́ aláàbọ̀ ara ti ń gbára dì. Nígbà tó fi máa débẹ̀, tíì ti já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ìgbéyàwó náà ti já sílẹ̀. Ohun tó kù kò ju pé ọwọ́ Wuryanti ti yá, àti pé ó ń fi yíyá rẹ̀ pamọ́.

Ẹnu Kóòṣì Sarwoko ni Wuryanti ti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìdánrawò àárọ̀ ni, ó ń nu ẹnu ìbọn rẹ̀ lọ́wọ́.

"Wọ́n ti kọ lẹ́tà," ni Kóòṣì wí. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. "Kò sí orúkọ lábẹ́ ẹ̀. Ìgbìmọ̀ ayẹ̀wò fẹ́ rí ẹ lọ́jọ́ Tuesday."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, sà?"

"Pé ọwọ́ ẹ ti yá."

Wuryanti wo ọwọ́ náà níbi tó sùn sí lórí itan rẹ̀. "Kò tíì sọ fún mi," ló wí.

Kóòṣì kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín àwọn tó ń jókòó yìnbọn sí: àwọn tí apá wọn lè gbé ìbọn dúró, àti àwọn tí tiwọn kò lè gbé e. Àwọn ẹgbẹ́ kejì yìí ni wọ́n gbà láyè láti gbé ìbọn lé ọ̀pá onísípíríngì. Ibẹ̀ ni Wuryanti wà. Ìbọn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò márùn-ún. Bí ìgbìmọ̀ bá sọ pé apá rẹ̀ ti yá, wọ́n máa gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ogún ọdún sì parí nìyẹn. Ìdíje ilẹ̀ Éṣíà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Iṣẹ́ bátíìkì ni ìyá rẹ̀, Bu Marsiyem, kọ́ ọ, kó máa fi kálámù bàbà da ìda gbígbóná sórí aṣọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí ọ̀kadà gbé e ṣubú lójú ọ̀nà Boyolali, tí iṣan èjìká ọ̀tún rẹ̀ já. Ìka rẹ̀ ṣì lè di nǹkan mú. Èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ ni kò gbọ́ràn mọ́. Ọdún méjì ló fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ìda ní kíkíní, kíkíní, bí ẹyin èèrà. Ibẹ̀ ni Kóòṣì Sarwoko bá a nígbà tí wọ́n wá ra aṣọ fún ìyàwó wọn. Wọ́n dúró wò ó títí. Wọ́n rí i pé kì í mí bí ìda bá fẹ́ kán.

"Ìwọ, ṣé o ti yìnbọn rí?"

"Rárá, sà. Mi ò fẹ́ràn ariwo."

"Ìbọn afẹ́fẹ́ lèyí, kì í pariwo. Ńṣe ló ń dún bí ẹni tó tutọ́."

Nínú ìdíje àkọ́kọ́, ọta rẹ̀ mẹ́fà ló lọ sínú páálí àmì ẹni tó jókòó tì í. Ẹni yẹn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún márùn-ún kọjá láìsí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló gba góòlù ní Kuala Lumpur, ó gba méjì mìíràn ní Bangkok, ó gba fàdákà nínú ìdíje Éṣíà. Wọ́n gé àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé baálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Òun fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Ohun kan wà tó fi ìdánrawò kọ́ ju ìbọn lọ. Lọ́dún tó jábọ́, ó fi ọwọ́ òsì na sìgá sí àbúrò bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà wo sìgá, kò gbà á, títí ó fi gbé e sórí ẹní fún un. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń dúró níwájú dígí. Á ti ọwọ́ òsì bọ abẹ́ ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún, á gbé apá náà sókè, á wá fi ìka ọ̀tún na nǹkan síni. Ọmọ tó bá ní ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ wọn ti máa ń fi ọwọ́ òsì kan ìgbọ̀nwọ́ bó bá ń fún àgbà ní nǹkan, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura. Wọ́n kàn ń sọ pé ọmọ Bu Marsiyem mọ̀wà hù.

Lọ́jọ́ Tuesday, àwọn mẹ́ta jókòó sí ẹ̀yìn tábìlì: Dókítà Wisnubroto, obìnrin kan tó mọ̀ nípa iṣan, àti akọ̀wé. Kóòṣì jókòó sí igun.

Dókítà tẹ èjìká rẹ̀. "Ẹ gbé e sókè."

Èjìká náà sún díẹ̀.

"Ó gbéra," ni Dókítà wí.

"Ó ń gbéra bẹ́ẹ̀ láti ọdún keje lẹ́yìn tí mo jábọ́, sà. Kò kọjá ibẹ̀."

"A máa rí i." Ó mú fọ́ọ̀mù, ó nà án sí i. "Ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

Ara rẹ̀ ló gbọ́ kí orí rẹ̀ tó gbọ́. Ọwọ́ òsì ti bọ sábẹ́ ìgbọ̀nwọ́, ọwọ́ ọ̀tún ti nà, ó sì ti fi gba fọ́ọ̀mù náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kóòṣì Sarwoko di ojú wọn.

"Ẹ ṣeun," ni Dókítà wí, bí ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀. Ó ṣe díẹ̀ kó tó wo ohun tó ṣẹlẹ̀. "Ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi gbà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Dókítà kọ nǹkan sílẹ̀. Wuryanti gbé fọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì. Láti sọ pé ọwọ́ òsì ló ṣe é, á jẹ́ pé gbogbo àgbà tó ti fún ní nǹkan láti ọjọ́ yìí, ọwọ́ òsì ló fi fún wọn. Ìtìjú yẹn wúwo ju ìbọn lọ.

"Ẹni tí wọ́n ní ó rí i, ta ni?" ni Dókítà bi wọ́n.

"Mbah Sakinem ni, níbi ìgbéyàwó kan lábúlé. Wọ́n wà níta," ni Kóòṣì wí. "Wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ pé àwọn sọ, ni wọ́n bá wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀. Wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání."

Mbah Sakinem wọlé, arúgbó kúkúrú tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kalẹ̀ sórí ìwé Dókítà.

"Ṣé ìwọ ni dókítà? O mà rù o. Ṣé ìyàwó ẹ kì í dáná ni?"

"Ó ń dáná, Mbah."

"Á jẹ́ pé ọbẹ̀ ẹ̀ ni kò dùn. Wuryanti, bu omi fún mi."

Wuryanti bu omi. Ó gbé ife náà fún wọn bó ṣe máa ń gbé e. Mbah Sakinem mu ún tán, wọ́n ní kó bu òmíràn.

"Dókítà, di ọwọ́ òsì ẹ̀ mú sẹ́yìn. Wuryanti, tún gbé e fún mi."

"Mbah, màá dà á sí yín lára."

"Òjò ti pa mí rí."

Dókítà di ọwọ́ òsì náà mú. Wuryanti fi ìka ọ̀tún di ife mú níbi tó wà létí tábìlì, ó fi ara sún sẹ́yìn kí ife lè kúrò lórí tábìlì, ó gbìyànjú láti gbé e. Apá náà já wálẹ̀ bí aṣọ tó bọ́ lórí okùn. Ife lu orúnkún Mbah Sakinem, omi ya sórí ìró wọn.

"Ẹ má bínú, Mbah. Ẹ dákun, ẹ má bínú."

"Ta ló ń bínú?"

Wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ife òfìfo. Ife náà kọlu ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin tó mọ̀ nípa iṣan fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn èjìká náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì mi orí sí Dókítà. Dókítà gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò lórí ìwé. Ó fi bírò fa ìlà gba orí ohun tó kọ.

"Ẹgbẹ́ tí Wuryanti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣì wà," ló wí. "Kí wọ́n máa lo ọ̀pá wọn."

Wuryanti ń fi ọwọ́ òsì nu omi kúrò ní ìró Mbah Sakinem, wọn kò sì lé ọwọ́ náà sẹ́yìn.

Akọ̀wé gbé ojú sókè. "Mo gbọ́dọ̀ kọ èsì lẹ́tà yẹn sínú fáìlì. Mbah, kí lẹ sọ gan-an lọ́jọ́ ìgbéyàwó?"

"Bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mbah."

Arúgbó náà tún ìró wọn lọ́, wọ́n jókòó dáadáa.

"Mo ní, 'Ẹ wo Wuryanti. Ọdún kejìlélógún rèé tí ọwọ́ òsì ẹ̀ ti ń gbé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ wá kí mi, kò sì sú u. Ẹ bá mi fi ṣúgà kún tíì yìí.'"