Ẹ Lọ Wá Ìdí Mìíràn Wá

"Ẹ ṣáà sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ṣe fún mi," ni máníjà tún wí, ó sì ń fi bírò gbá etí tábìlì. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin. Mo ti gbọ́ ìyẹn. Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe?"

Obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ ń wo bírò náà. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é nílé iṣẹ́ alágbàfọ̀ náà, torí pé òun ló ń tilẹ̀kùn lálaalẹ́ nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti lọ sílé. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Obìnrin tí kò bímọ, wọ́n sọ irin di ọmọ fún un, wọ́n tún fi ń rẹ́rìn-ín. Òun náà a sì máa jẹ́ wọn, kí wọ́n má baà ní inú òun kò dára.

Níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yọ òun nínú iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ gbọ́dọ̀ lọ ro ẹjọ́ ara rẹ̀ níwájú máníjà. Ìyá Ọlọ́mọmẹ́rin, tó ń ṣa aṣọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní kò sẹ́ni tó máa mú àwọn ọmọ òun nílé ìwé, ló bá ń lọ láago mẹ́ta. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń lọ aṣọ sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun. Aago mẹ́rin lòun ń lọ ní tirẹ̀, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo Sátidé. Ẹni tí ìyà rẹ̀ bá dùn ún gbọ́ ló ń mókè. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́, orí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ló ń já lé. "Ẹ̀yin tẹ́ ò ní wàhálà nílé," ni máníjà máa ń wí, bí ẹni tó ń súre fún èèyàn.

Kò dùn ún tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti ríṣẹ́ ọdẹ, tó ń ṣọ́ géètì lálẹ́, bí òun bá ń wọlé, ọkọ ti jáde, bí ọkọ bá sì ń bọ̀, òun ló ń lọ. Ọjọ́ ìsinmi wọn kò bára mu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pàdé ní oríta ní ìdájí. Ọkọ rẹ̀ tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà," ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín ló tó mọ ẹni tí òun kí. Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí obìnrin náà débi iṣẹ́, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, ó sunkún. Ẹ̀rù ń bà á. Ilé tí ẹni méjì ń gbé tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀, ó mọ ibi tí irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń já sí.

"Ọkọ mi ni," ló wí níkẹyìn. "Mo fẹ́ máa rí ọkọ mi kó tó lọ síbi iṣẹ́."

Máníjà wò ó. Àbúrò rẹ̀ pátápátá ni tó bá ṣe ti ọjọ́ orí, ó sì gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. Kò ṣeé ṣe.

"Ọkọ! Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ṣé ọkọ náà ti wá di ìdí báyìí? Bí mo bá gbà fún yín, kí ni mo fẹ́ wí fún àwọn tó kù?"

"Ohun tẹ́ ẹ wí fún mi nígbà tẹ́ ẹ gbà fún wọn náà ni."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ lọ wá ìdí mìíràn wá. Èyí ò wọlé."

Ilẹ̀kùn ofísì ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀, Ìyá Ọlọ́mọmẹ́rin sì ń gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ kọjá. Kí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ tó padà dé ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

"Ìyàwó tuntun!" ni ọ̀dọ́kùnrin alọṣọ kígbe. "Ẹ rọra o, àǹtí, ọkọ ò ní sá lọ!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ọlọ́mọmẹ́rin nìkan ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ gbì.

"Àǹtí, bẹ́ ẹ bá ń lọ láago mẹ́rin, ta ni wọ́n máa dá dúró? Èmi ni! Ta ló máa wá lọ mú àwọn ọmọ mi?"

"Bàbá wọn ńkọ́? Kò lẹ́sẹ̀ ni?"

"Ẹ má dé ọ̀dọ̀ bàbá wọn o! Àwa náà lọ́kọ, a ò fi pariwo. Ẹ jẹ́ n sòótọ́ fún yín: ẹni tí ò bí ò lè mọ̀."

Ẹ̀rín dá. Obìnrin yìí gan-an ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ rò pé ó máa gbèjà òun, torí obìnrin náà ló ń jàǹfààní iṣẹ́ òun jù lọ. Ẹni tí à bá ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

"Òótọ́ lo sọ, mi ò bí," ló dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n látọjọ́ tó o ti ń lọ láago mẹ́ta, èmi ni mò ń bá ọ tọ́ àwọn ọmọ yẹn. O ò kàn dúpẹ́ rí ni."

Nígbà tí aago mẹ́ta lù, Ìyá Ọlọ́mọmẹ́rin gbé báàgì rẹ̀, ó jáde láìsọ pé ó dàárọ̀. Kò pẹ́ sí i ni ọkọ̀ já aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì láti hòtẹ́ẹ̀lì kalẹ̀, òkìtì rẹ̀ ga dé àyà èèyàn.

"Ìyá Kọ́kọ́rọ́, iṣẹ́ ti dé," ni máníjà wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo rí i, ọ̀gá."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Láago mẹ́rin, alọṣọ pa áyọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fọwọ́ gbá ìbàdí mú, ó lọ. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó tú épúrọ́ọ̀nù, ó sì lọ gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì máníjà.

"Kí lèyí?"

"Aago mẹ́rin ti lù."

"Bẹ́ ẹ bá jáde níbí, ẹ má wulẹ̀ padà wá lọ́la o!"

"Ẹ̀yin lẹ wí i, ọ̀gá. Ẹ kú iṣẹ́."

Ó rìn lọ tààrà sí títì.

Oòrùn ṣì wà lára ògiri yàrá nígbà tó wọlé. Ọkọ rẹ̀ ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó ti ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà. Bó ṣe rí i, ó dìde gìrì.

"Wọ́n lé ọ?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"O ò tíì mọ̀, báwo?" Ojú rẹ̀ le. "A ò tíì san owó ilé, o wá ń sọ pé o ò mọ̀! Kí ló gbé ọ wálé?"

"Ìwọ ni."

Ọkọ rẹ̀ ti la ẹnu láti bá a jà, ó wá padà jókòó. Ó ń wo ìyàwó rẹ̀.

"Irun rẹ ti funfun níbí," ló wí, ó nawọ́ sí ẹ̀bá etí rẹ̀. "Ìgbà wo ni?"

"Ó ti pẹ́."

Fóònù dún. Máníjà ni, ó sì ń pariwo débi pé àwọn méjèèjì jọ ń gbọ́ ọ.

"Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ẹ gbọ́, mo ti rò ó. Ẹ kàn sọ pé ọkọ yín ń ṣàìsàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni o, èyíkéyìí tó bá wù yín. Màá fún yín ní ọjọ́ méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó máa lè bi mí ní nǹkan kan. Ẹ ṣáà padà wá parí aṣọ yìí lónìí."

Ọkọ rẹ̀ ń juwọ́ sí i, ó ń fi ètè wí i láìdún pé: gbà, gbà. Irọ́ kan ṣoṣo ni, iṣẹ́ kò sì ní bọ́. Ìyàwó rẹ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko. Inú bí i ju ti ọ̀sán lọ.

"Ara ọkọ mi le, ọ̀gá," ló wí. "Ìdí tí mo fi fẹ́ máa rí i nìyẹn."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó pa fóònù, ó kúnlẹ̀, ó bá ọkọ rẹ̀ wá bàtà kejì lábẹ́ àga.