Irin Tó Wà Nísàlẹ̀

Ẹ́ńjìnnì tó ba tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jẹ́ yìí kò ní pístọ́ọ̀nù. Irin onígun mẹ́ta méjì ló ń yí nínú rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, síìlì tẹ́ẹ́rẹ́ tí sípíríǹgì ń tì jáde sì wà ní igun kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá fún pọ̀ má baà jò. Òfin tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ni pé ẹni tó bá to nǹkan ni yóò dáhùn fún un. Nígbà tí wọ́n ń tún ẹ́ńjìnnì náà tò, wọ́n gbé e nàró, ẹ̀gbọ́n to irin ìsàlẹ̀, àbúrò to tòkè lé e lórí.

Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ó kọ̀ kò jí. Ẹ̀gbọ́n, tí àdúgbò ń pè ní Iná Ẹ̀ẹ̀rùn nítorí ìbínú rẹ̀, yọ púlọ́ọ̀gì, ó ki géèjì tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ bọ ojú ihò, ó ní kí àbúrò yí sítáátà. Ti ẹ̀yìn dára: ọwọ́ géèjì ń fò lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta, dọ́gbadọ́gba. Ti iwájú fò lẹ́ẹ̀kan, ó wá kàn gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Síìlì igun kan ti ń jò.

Lójú Iná Ẹ̀ẹ̀rùn, òkè ni orí, orí náà sì ni iwájú. Àbúrò ló sì to tòkè, ẹ̀bi di tirẹ̀.

Àbúrò rọra sọ pé, “Bùọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u wò.”

Ẹ̀gbọ́n ka ìyẹn sí àfojúdi. Ó fọ́ ọ létí, orí àbúrò gbá bẹ́ńṣì, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Ó tẹ̀ ẹ́ níkùn mọ́lẹ̀, ó sì fa wíìlì sípánà yọ. Àbúrò na ọwọ́ ọ̀tún láti fi bo orí, irin bà á, eegun sì ṣẹ́ pàá. Fọkanáísà ìtòsí tó wá là wọ́n jẹ ìkúùkù tirẹ̀ nímú kó tó rí ọmọ ọlọ́mọ gbé lọ sílé ìwòsàn. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Iná Ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ló wá tú ẹ́ńjìnnì. Ó gbé e nàró bí wọ́n ṣe gbé e lọ́jọ́sí, ó sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ tí fáànù máa ń wà, iwájú gan-an, ló dojú kọ ilẹ̀. Irin ìsàlẹ̀, tí òun tò, ni ti iwájú. Ó fi ìka tẹ síìlì irin òkè, gbogbo wọn ta padà. Ó tẹ ti ìsàlẹ̀, ti òun fúnra rẹ̀, ọ̀kan rì síbẹ̀ kò padà. Ó fà á yọ. Kò sí sípíríǹgì lábẹ́ rẹ̀. Òun ló gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí àbúrò dé pẹ̀lú ọwọ́ dídì, ẹ̀gbọ́n jẹ́wọ́, ó ń sunkún. Ó gbé sípánà fún un, ó sì tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sórí bẹ́ńṣì. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ọmọ ìyá òun máa dárí ji òun.

Àbúrò fi ọwọ́ òsì gbé sípánà náà.

“Ẹni tó bá to nǹkan ló máa dáhùn fún un, Bùọ̀dá mi.”

Ó sì gbá a.

Ẹ́ńjìnnì wà ní títú nílẹ̀, ọwọ́ òsì méjì ló sì kù tí yóò tún un tò.