Igi 214

4.

…ṣùgbọ́n Jesse ò gbà pé kò ṣeé ṣe. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń so òdòdó pupa tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ n'Íbàdàn pọ̀ mọ́ òdòdó ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí yìnyín kì í pa. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ló fi ń gbé lẹ́búlẹ́bú inú ọ̀kan sínú èkejì. Igi tó máa pọ́n bíi ti ilé, tó sì máa la òtútù Springdale, ìlú tó ń gbé l'Amẹ́ríkà, já, lòun ń wá.

5. Inú ìwé rẹ̀:

Igi 88: òtútù pa á.
Igi 131: ó yè. Funfun ni.
Igi 160: ó pọ́n. Òtútù pa á.

6.

Jesse kú ní oṣù kẹta, 2023. Igi 213 ló kọ gbẹ̀yìn. Túndùn ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Upper Marlboro, ti ìwé náà mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Kò fọwọ́ kan igi kankan mọ́.

Ó dá a lójú pé òun ò fọwọ́ kàn án.

9. Ìwé náà, ojú ewé tuntun:

Oṣù kẹfà, 2025. Igi 214: ó yè. Ó ti rúdi.

10.

Ọwọ́ Jesse ló kọ ọ́. 4 rẹ̀ máa ń nírù gígùn bí eku. Inú Túndùn kọ́kọ́ dùn. Ìdùnnú yẹn gan-an ló wá bà á lẹ́rù.

11. Fóònù. Túndùn àti Tijésùnimí, ọmọ rẹ̀ obìnrin.

TÚNDÙN: Ta ló kọ ọ́?
TIJÉSÙNIMÍ: Mọ́mì, ẹ̀yin ni. I was right there. Búrọ́ọ̀ṣì Dádì wà lọ́wọ́ yín. Mo pè yín títí, ẹ ò dáhùn.
TÚNDÙN: Kí lo pè mí?
TIJÉSÙNIMÍ: Mọ́mì.

12.

Igi 214 tanná ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó pọ́n fòò.

13. Ohun tí Túndùn ò lè ṣàlàyé:

— erùpẹ̀ abẹ́ èékánná rẹ̀
— bàtà Jesse lẹ́nu ọ̀nà, tó tutù fún ìrì

15.

Tijésùnimí gbé ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nọ́ọ̀sì fún un ní fọ́ọ̀mù. Túndùn kọ ọ́ láìṣiyèméjì, ó nà án sọ́mọ rẹ̀ pé kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ náà wò ó títí. Ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀, ti bàbá rẹ̀ ni.

Ó ká fọ́ọ̀mù náà sórí itan rẹ̀. Kò wojú ìyá rẹ̀. Ó rọra pè:

"Dádì."

"Mo ń gbọ́," ni Túndùn wí.