Kókó Kan, Orúkọ Méjì

Abọ́ irin ni Wúlẹ̀mọ̀tù ń tà ní Aboabo, ní Kumasi, ní Gánà. Abọ́ kò sì gba ọ̀rọ̀ dídùn: ó ń jò tàbí kò jò. Ìdí nìyẹn tó fi yímú nígbà tí ọ̀gá ilé ìwòsàn dúró síwájú àwọn aláìsàn, tó ń sọ pé àwọn ti kó dókítà tó ń wo àwòrán inú ara àti dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò sínú yàrá kan, "kí ìmọ̀ wọn lè pàdé bí odò méjì."

"Odò kẹ̀!" ló wí fún Ùmmúkùlsùm, àbúrò rẹ̀. "Kí wọ́n sọ ohun tó wà lọ́mú rẹ fún wa."

Kókó ló wà lọ́mú Ùmmúkùlsùm. Wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ bu ẹran díẹ̀ níbẹ̀. Èsì ni wọ́n wá gbà.

Dókítà Kojo, ẹni àwòrán, àti Dókítà Fareedah, ẹni ẹran ara, jókòó ti ara wọn bí tọkọtaya tó fẹ́ ya fọ́tò.

"Maame, àwòrán yìí ò dára," ni Kojo wí. "Ó jọ jẹjẹrẹ. Èsì abẹ́rẹ́ là ń retí."

"Ta lẹ ń retí? Ṣebí ẹni tí ẹ ń retí ló jókòó tì yín yìí! Àbí ìjókòó nìkan lẹ wá ṣe?" ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí.

Ojú Fareedah le. "Hajia, orúkọ àbúrò yín ò sí lọ́dọ̀ mi. Ama Alata kan ni mo rí láti Aboabo, tirẹ̀ sì mọ́, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀."

Wúlẹ̀mọ̀tù mọ orúkọ yẹn. Bí gbogbo ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kumasi, àbúrò rẹ̀ ní orúkọ ilé, ó ní orúkọ ìta; Alata ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, akọ̀wé ń pe orúkọ Ùmmúkùlsùm tì bí ẹni tí egungun há lọ́fun, èrò ń ti Wúlẹ̀mọ̀tù lẹ́yìn, ló bá jágbe mọ́ ọn pé, "Kọ Ama Alata, jàre!"

Ùmmúkùlsùm ti dìde. "Èmi ni Ama Alata! Alhamdulillahi! Àǹtí, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹ dúró," ni Kojo wí. Ó fa èsì náà sún mọ́ àwòrán, Fareedah tẹ̀ síwájú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn méjèèjì máa wo ohun kan náà.

"Abẹ́rẹ́ ò kan kókó yìí," ni Fareedah wí. "Ẹran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé fún mi."

"A ó tún gún un," ni Kojo wí. "Màá máa fi ẹ̀rọ wò ó bó ṣe ń wọlé."

"Ẹ̀ẹ̀kejì? Mi ò ṣe o! Wọ́n ní tèmi mọ́!"

Ó wu Wúlẹ̀mọ̀tù náà kó fọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, kí wọ́n sá lọ. Ṣùgbọ́n abọ́ tó ń jò, ó ń jò náà ni.

"Jókòó," ló wí. "Orúkọ ni mo sọ di méjì. Kókó kan ṣoṣo ló wà lára rẹ."

Nígbà tí abẹ́rẹ́ ń wọlé lẹ́ẹ̀kejì, Kojo ń wo ẹ̀rọ, Fareedah dúró tì í, ó ń retí ẹran tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ odò. Ìta ni ọ̀gá wà, tó ṣì ń pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

"Orúkọ wo ni ká kọ?" ni Fareedah bi Wúlẹ̀mọ̀tù.

"Ùmmúkùlsùm. Kọ gbogbo rẹ̀. Bí èrò bá ń tì mí, kí wọ́n máa tì mí."