Ojú Mi Ló Yan Ampilifáyà

Àlá tí mo fẹ́ rọ́ fún yín yìí, ọ̀sán àná ni mo lá a, lórí àga pálọ̀ mi, lẹ́yìn tí mo jẹ iyán yó. Ẹ má bi mí bóyá iyán ló fà á. Morádékẹ́ ìyàwó mi ti bi mí ná.

Ẹ ṣáà mọ àwọn sípíkà méjì tí mo rà, àwọn gíga yẹn tó ga jù mí lọ. Ẹ tún mọ ìdí tí mo fi rà wọ́n. Ní ogún ọdún sẹ́yìn, kí ìyá mi tó kú, mo mú wọn jókòó lọ́jọ́ kan kí wọ́n ki oríkì ilé wa sínú kásẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹlòmíràn nínú ẹbí tó mọ oríkì náà délẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni kásẹ́ẹ̀tì ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò gbọ́ ọ rí, torí mi ò fẹ́ kí ohùn ìyá mi gba inú ẹ̀rọ yẹpẹrẹ jáde. Sípíkà tó yẹ wọ́n ti dé báyìí. Ó wá ku ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, èyí tó máa bá wọn mu gan-an.

Tóò, bí oorun ṣe gbé mi lọ, mo rí i pé àwọn sípíkà náà ti wé gèlè. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn sọ fún mi pé àwọn ti tó ilé ọkọ, kí n sin àwọn lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń so ẹ̀rọ pọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu lójú mi. Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, a jáde.

Ọ́fíìsì náà ń léfòó lójú òfuurufú lórí Òkè-Àdó, àkàbà la fi gùn ún. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu. Ampilifáyà mẹ́ta ti jókòó sórí bẹ́ńṣì tí wọ́n ń dúró dè wá. Èkíní lójú wúrà, ó sì wúwo débi pé bẹ́ńṣì náà ti tẹ̀. Èkejì ní gílóòbù mẹ́rin lórí, gbogbo wọn ń pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ẹ̀kẹta kéré, ó dúdú, kò sì sí ará ilé rẹ̀ kankan tó sìn ín wá. Mo rò pé ó wá tún nǹkan ṣe ní ọ́fíìsì ni.

Láníyọnu bi mí pé èwo ni mo fẹ́ fún àwọn ọmọ mi. Mo nàka sí olójú wúrà. Ó ní kí n mú àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn wá, irú èyí tí ìjọ máa ń béèrè lọ́wọ́ tọkọtaya kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Ó ṣàlàyé pé àwọn ọmọ mi yìí ń fa agbára gan-an, àti pé ampilifáyà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò bá tiwọn mu, ibà ni yóò pa á lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Mo jẹ́wọ́ pé mi ò ṣe àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n mo kó ẹ̀rí mi sílẹ̀: ìwé ìròyìn mẹ́ta tó yin olójú wúrà, àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ní irú rẹ̀ nílé, tí kò sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Mo tún ní ẹ wo bó ṣe wọ́n tó. Bí mo ṣe sọ èyí ni Láníyọnu di ewúrẹ́. Kò pariwo, kò dìde, ó rọra yí padà ni. Ó fa ìwé ìròyìn náà sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, ó sì ní kí n wá bá òun jẹun. Mo ní á gba ibi ire lọ, sà.

“Etí lẹ máa fi yan ọkọ fún wọn,” ewúrẹ́ náà wí. “Ẹ yọ ojú yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.”

Mo yọ méjèèjì, mo kó wọn fún ọ̀gá tó ń ṣọ́nà, ó fún mi ní nọ́ńbà. Wọ́n wá ń fi orin olórin kan dán àwọn ampilifáyà náà wò fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn èkíní há lọ́fun. Èkejì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àmọ́ nígbà tí àwọn ọmọ mi ní kó mú agbára wá, ó ń mí hẹlẹ. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, mo gbọ́ bí olórin náà ṣe fa èémí kó tó la ẹnu. Mo ní èyí ni ọkọ wọn. Mo tiẹ̀ fọwọ́ sí ìwé.

Wọ́n kó ojú mi fún mi padà. Ojú wo kékeré dúdú yẹn títí.

“Àwa kọ́ la yan èyí,” ojú ọ̀tún wí. “Etí ló yàn án, kí ni etí mọ̀ nípa ẹ̀rọ?”

Ojú ara mi wá ń tì mí. Mo sọ fún ewúrẹ́ pé atẹ́gùn ló da etí mi rú, mo fagi lé ọ̀rọ̀ mi, mo mú olójú wúrà. Ó fi pátákò tẹ òǹtẹ̀ lé e, ó sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fi ọmọ rere jíǹkí wọn.

Ìgbà yẹn ni ìyá mi jáde láti inú sípíkà ọwọ́ ọ̀tún. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ní kí n wá jókòó kí àwọn kì mí. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ sún sí ọwọ́ òsì díẹ̀, pé ohùn wọn ń lu ògiri. Wọ́n sún. Mo ní díẹ̀ sí i. Wọ́n tún sún. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń sún wọn títí wọ́n fi gba ẹnu ọ̀nà jáde, tí wọ́n dúró sórí ìkùukùu. Ibẹ̀ ni ohùn wọn ti wá dára. Ó mọ́, ó jinlẹ̀, mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ewúrẹ́. Tẹ́ ẹ bá bi mí ní ohun tí wọ́n sọ, mi ò lè sọ ọ́. Nígbà tí mo máa wojú wọn, wọ́n ti ń juwọ́ sí mi pé ó dàbọ̀.

Mo jí. Wọ́n ti mú iná lọ. Mo gbọ́ ohùn èèyàn láti ilé ìdáná, mo sì dìde wọlé síbẹ̀. Morádékẹ́ ti ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ inú rédíò kékeré oníbátìrì tó fi máa ń gbọ́ ìròyìn tó bá ń ṣa ẹ̀wà, èyí tí sípíkà rẹ̀ ti ya lápá kan. Inú bí mi. Mo ti na ọwọ́ láti pa rédíò náà, ṣùgbọ́n Morádékẹ́ ò tiẹ̀ wojú mi.

“Ẹ jókòó, Bàbá Tẹjú,” ó wí. “Ẹ̀yin gan-an lẹ ń sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀.”

Mo jókòó. Òótọ́ ni, ohùn mi ni, ohùn ogún ọdún sẹ́yìn. Mo ń ní kí Màmá sún mọ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n fà sẹ́yìn, kí wọ́n kọjú sọ́hùn-ún. Màmá ń dáhùn pé ó dáa. Wọ́n bi mí bóyá kí àwọn bẹ̀rẹ̀, mo ní ó kù díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí ojú kìíní kásẹ́ẹ̀tì náà fi tán.

Morádékẹ́ yọ ọ́, ó yí i padà, ó tẹ̀ ẹ́. Ìyá mi wúkọ́.

“Àlàmú,” wọ́n ní, “mo ti ṣe tán o.”

“Ẹ dúró díẹ̀ sí i, Màmá,” ni ohùn mi wí.

Mo di etí àpótí tí mo jókòó lé mú, mo ń bẹ ọkùnrin inú kásẹ́ẹ̀tì náà pé kó jọ̀ọ́, kó dákẹ́.