Ẹ̀rọ Tó Ka Ọwọ́ Màmá Mi Mọ́ Àdánù

Làmídì ọ̀rẹ́ mi, ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé mo ń rẹ́rìn-ín lójú oorun. Kí n tó dá a lóhùn ni àlá tí mo lá tún padà sọ́kàn mi.

O mọ ètò ìṣirò tí ọmọ mi Bísí gbé sórí kọ̀ǹpútà ìsọ̀ gàrí wa. Lójú àlá, ohùn Bísí ni ètò náà fi ń sọ̀rọ̀. Màmá mi jókòó ti àpò gàrí, wọ́n ń wọn gàrí, wọ́n sì ń bu èènì lé kóńgò kọ̀ọ̀kan bí ìṣe wọn.

Ètò náà ní, "Bàbá, àdánù ni èènì yìí. Ṣé kí n yọ ọ́, sà?"

Mo ní, "Yọ ọ́."

Bí ọwọ́ ọ̀tún màmá ṣe pòórá nìyẹn, títí dé ọrùn ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ ò kán. Àwọn oníbàárà kàn ń na ike wọn síwájú.

Màmá ní, "Má dààmú, ọmọ mi, ọwọ́ òsì ṣì wà." Wọ́n tún fi í bu èènì.

"Bàbá, ó ṣì kù o."

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà, mo rí i pé èrè ti gòkè, mo rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, ìka ara mi ni mo fi tẹ "Yọ ọ́" lójú kọ̀ǹpútà. Kóńgò já bọ́. Màmá ń fi ìgbọ̀nwọ́ kó gàrí jọ nílẹ̀, wọ́n ń bẹ oníbàárà pé kó má bínú.

Mo jí. Mo gbọ́ ohùn màmá lẹ́yìnkùlé, àmọ́ kí n tó dúpẹ́, èrè yẹn ni mo kọ́kọ́ ń dárò. Làmídì, irú ọmọ wo ni mí?